Balógun, Ọ̀tún, Òsì àti Ẹ̀kẹrin

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ sì fi àgbàdo yẹn sílẹ̀ kó jiná. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo Àkọkà, jẹnẹrétọ̀ ojúlé kejì kò jẹ́ ká gbádùn, ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì tí ẹ gba yàrá lọ́wọ́ mi sì ní kí n sọ ohun ìyanu kan fún yín. Mo mọ èyí tí ẹ ń retí. Ẹ fẹ́ gbọ́ ti iwin tó ń jáde láti inú ọ̀sà lóru. Iwin wo? Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí afárá Third Mainland, tí mọ́tò ń sáré lórí omi tọ̀sán-tòru, iwin tó bá ṣì wà níbẹ̀ á ti di adití.

Ohun ìyanu tèmi kò ní ìwo, kò ní ìrù. Òun náà nìyí: bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, tí wọn kò sí lójú kan náà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹnu ni wọ́n ń rán síra wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òpùrọ́, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá tí yóò dá wọn lójú pé wọ́n á fẹnu kò. Kí wọ́n gbọ́n bí Ọ̀rúnmìlà, kí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá rán iṣẹ́ síra wọn, asán ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo kún wọn kí wọ́n di mẹ́rin, òpùrọ́ náà ò rí nǹkan kan ṣe mọ́. Àwọn tó kù á fẹnu kò níṣojú ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òpó tẹlifóònù, mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bàjẹ́ lójú wáyà. Síbẹ̀, èyí yà mí lẹ́nu ju iwin lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí òpùrọ́ rárá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2008, ilé ìkẹ́rùsí Amazon tí wọ́n ń pè ní S3 dákú. Kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kó bàtà àti ìwé sí ni mò ń wí o. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún iléeṣẹ́ ń tọ́jú àwòrán àti àkọsílẹ̀ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àìmọye kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ náà pa pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó wà láàyè, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, òfófó ni. Èyí á sọ fún èyí, èyí á sọ fún tọ̀hún, kó tó pẹ́ gbogbo wọn ti gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nídìí ẹ̀rọ omi ní Bàrígà.

Ẹ mọ̀ pé òdo àti ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n rán síra wọn, ẹyọ kan péré ló yí: òdo di ọ̀kan, tàbí ọ̀kan di òdo. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà bàjẹ́ débi pé kò ṣeé kà, ẹni tó gbà á ìbá sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Àmọ́ ó ṣì ṣeé kà ketekete. Irọ́ ló kàn ń pa nípa ipò tí àwọn kọ̀ǹpútà wà. Ẹni tó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, ó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, títí òfófó fi pọ̀ débi pé gbogbo agbára wọn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, wọn ò ráyè dá oníbàárà lóhùn mọ́. Àwọn onímọ̀ Amazon gbìyànjú títí. Níkẹyìn wọ́n pa gbogbo kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu mọ́, wọ́n nu gbogbo ohun tí wọ́n ti gbọ́ kúrò ní iyè wọn, wọ́n wá ń jí wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé oògùn ẹ̀ wà nínú àpò wọn. Ní ti ẹrù oníbàárà, wọ́n máa ń ṣe ìṣirò kan lórí gbogbo òdo àti ọ̀kan inú rẹ̀, wọ́n á kọ èsì rẹ̀ mọ́ ọn lára. Níbi tó bá dé, wọ́n á tún ìṣirò náà ṣe. Bí ẹyọ kan bá ti yí lọ́nà, èsì méjèèjì kò ní bára mu. Òfófó tí àwọn kọ̀ǹpútà ń ṣe láàárín ara wọn ni wọn kò ṣe é fún. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó ní àwọn máa fi kún un.

Ẹyọ kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Schaerbeek, ìlú kan lágbègbè Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà ìdìbò ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Olùdíje kan ṣàdédé ní ìbò 4,096 lé ní iye tó yẹ kó ní. Ẹ gba èèjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún un ṣe títí yóò fi jẹ́ èèjì méjìlá tí ẹ sọ di púpọ̀ lára wọn. 4,096 náà ló máa fún yín. Ẹyọ òdo kan ló di ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà wò, wọn kò rí ohun tó ṣe é. Àwọn kan gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìtànṣán láti ojú ọ̀run ló gbá a. Ohun tó tú àṣírí ọ̀hún ni pé ìbò náà ju èyí tó lè wáyé lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ Ṣómólú níbí ni ìbò ti lé ní 4,096, ta ló máa gbà pé ojú ọ̀run ló jẹ̀bi?

Ìṣirò tí a ń kọ mọ́ iṣẹ́ lára, ohun tó bàjẹ́ lọ́nà nìkan ló ń mú. Kò lè mú ẹnu tó ń sọ A fún èmi, tó ń sọ B fún ìwọ, tó sì kọ ìṣirò tó pé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn mi dá lé.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí SRI ní California: Leslie Lamport, Robert Shostak àti Marshall Pease. NASA ló fún wọn lówó, nítorí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa darí bàálù, ẹ̀mí èèyàn sì wà nínú bàálù, ẹ ò lè fi lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹ ní láti fi púpọ̀ síbẹ̀ kí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n wáyà kan tó ti fẹ́ já lè sọ fún kọ̀ǹpútà kan pé bàálù ń gòkè, kó sọ fún èkejì pé ó ń sọ̀kalẹ̀. Kò ní ète búburú kankan, ohun tí ọ̀dàlẹ̀ ń ṣe ló sì ń ṣe. Wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní 1980, wọ́n tẹ òmíràn ní 1982, nínú èyí tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà wọ ẹ̀wù ogun: àwọn ọ̀gágun tó yí ìlú kan ká, tí wọ́n ń rán oníṣẹ́ síra wọn, tí ọ̀dàlẹ̀ sì wà láàárín wọn. Lamport kọ́kọ́ fẹ́ pè wọ́n ní ọ̀gágun Albania, nítorí ìlú náà ti ara ẹ̀ mọ́lé nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa bínú níbẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọmọ Albania wà lẹ́yìn odi o. Ló bá mú Bisántíọ̀mù, ilẹ̀ ọba tó ti parẹ́ tipẹ́.

Ká ní èmi ló bi léèrè ni, ǹ bá ní kó kọrí sí ojú ogun Kírìjì. Ààrẹ Látòósà àti àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wà ní ìhà Ìgbájọ, Ògèdèǹgbé àti Èkìtìparapọ̀ wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì wà láàárín wọn, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ara wọn lójú. Aláàfin ń ránṣẹ́, Ìjẹ̀bú ń ránṣẹ́, Ìlọrin ń ránṣẹ́, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó náà ń ránṣẹ́, ẹni tó sì gbọ́ iṣẹ́ kan kò mọ èyí tí wọ́n rán sí ìkejì. Látòósà kú sí bùdó ní 1885. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán àwọn pásítọ̀ méjì láti Èkó, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí àwọn bùdó náà. Wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ dúdú lórí funfun, wọ́n gbé e káàkiri kí kálukú fọwọ́ sí i, wọ́n sì kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ rántí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn, a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìwọ tí o wọ bùbá funfun, ìwọ ni Balógun. Ìwọ ni Ọ̀tún. Ìwọ tí o ti ń jẹ àgbàdo láìdúró dè wá, ìwọ ni Òsì. Kálukú wà ní bùdó ọ̀tọ̀. Balógun ló ń pàṣẹ, àṣẹ méjì péré ló wà: “ẹ kọlù wọ́n” tàbí “ẹ padà sẹ́yìn.” Bí ẹ bá jọ kọlù wọ́n, ẹ ṣẹ́gun. Bí ẹ bá jọ padà, ẹ yè. Bí ẹnì kan bá dá kọlù wọ́n, ó gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Balógun ni ọ̀dàlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀tún pé kó kọlù wọ́n, ó ránṣẹ́ sí Òsì pé kó padà. Ọ̀tún kì í ṣe ọ̀lẹ, ó bi Òsì: kí ni Balógun sọ fún ọ? Òsì sọ òtítọ́: ó ní kí n padà. Ọ̀tún wá jókòó ti iṣẹ́ méjì: ti Balógun ní kó kọlù wọ́n, ti Òsì ní Balógun sọ pé ká padà.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí Balógun jẹ́ olóòótọ́, ó ní kí àwọn méjèèjì kọlù wọ́n. Òsì ni ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀tún bi í, ó dáhùn pé: ó ní kí n padà. Ọ̀tún tún jókòó ti iṣẹ́ méjì: ti Balógun ní kó kọlù wọ́n, ti Òsì ní Balógun sọ pé ká padà. Ìwọ Ọ̀tún, ohun tí o gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì, ṣé ó yàtọ̀? Kò yàtọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀ ti yí padà! Bí o bá gbọ́ ti Balógun, o lè máa gbọ́ ti ọ̀dàlẹ̀. Bí o bá gbọ́ ti Òsì, bákan náà. Kí o tún rán oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, irọ́ kan náà ni wọ́n á tún pa fún ọ.

Ẹ pe ọmọ ìyá alágbàdo wá. Ìwọ, jókòó síbí, ìwọ ni Ẹ̀kẹrin.

Ká tún mú Balógun ní ọ̀dàlẹ̀. Ó ní kí Ọ̀tún àti Òsì kọlù wọ́n, ó ní kí Ẹ̀kẹrin padà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń sọ fún ara wọn ohun tí kálukú gbọ́. Kí ló wà lọ́wọ́ Ọ̀tún? “Kọlù” tirẹ̀, “kọlù” láti ẹnu Òsì, “padà” láti ẹnu Ẹ̀kẹrin. Kí ló wà lọ́wọ́ Òsì? Kọlù, kọlù, padà. Lọ́wọ́ Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Padà tirẹ̀, kọlù, kọlù. Ẹ kà á: méjì sí ọ̀kan níbi gbogbo. Gbogbo wọn á kọlù wọ́n. Balógun fẹ́ tú wọn ká, ó sì kó wọn jọ. Bí Òsì bá wá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, tí Balógun sì jẹ́ olóòótọ́, Ọ̀tún á gbọ́ kọlù lẹ́nu Balógun, kọlù lẹ́nu Ẹ̀kẹrin, padà lẹ́nu Òsì. Ti Ẹ̀kẹrin náà á rí bẹ́ẹ̀. Òsì á ku òun nìkan.

Òpùrọ́ kan, ènìyàn mẹ́rin. Òpùrọ́ méjì, ènìyàn méje. Òpùrọ́ mẹ́ta, ènìyàn mẹ́wàá. Bí òpùrọ́ bá sì ti ń pọ̀ sí i ni iye ìgbà tí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara wọn ń pọ̀: òpùrọ́ méjì á gbà yín ní “ó ní Òsì ní Balógun ní.” Mo rí i pé ẹnì kan nínú yín ti ń ka ìka. Ọ̀yọ́ Mèsì, àbí? Baṣọ̀run, Àgbàákin, Sàmù, Alápìínni, Lágùnà, Akíníkú, Aṣípa: méje. N kò sọ pé ìṣirò Lamport ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe o. Àmọ́ bí méjì nínú wọn bá ti gba rìbá, ìgbìmọ̀ náà ṣì lè dúró. Àwọn ará NASA fi kọ̀ǹpútà márùn-ún sínú ọkọ̀ òfurufú Space Shuttle wọn: mẹ́rin ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń yẹ ara wọn wò, ìkarùn-ún sì gbé ìlànà tí àwọn ẹlòmíràn kọ, kí àṣìṣe kan náà má bàa mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà kan wà tí mẹ́ta fi lè tó. Ẹ rántí ìwé Kírìjì. Bí Balógun bá ní òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó bá rán, Òsì kò lè sọ pé “ó ní kí n padà” láìjẹ́ pé ó mú òǹtẹ̀ náà jáde. Bí ó bá mú un jáde, tí Ọ̀tún náà ní èyí tó sọ “kọlù” pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan náà, Balógun ti tú ara rẹ̀ fó. Àwọn bàbá wa mọ ìdí tí àrokò fi dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: oníṣẹ́ tí wọ́n di owó ẹyọ àti ìyẹ́ lé lọ́wọ́ kò rọrùn fún láti yí iṣẹ́ padà, nítorí òun gan-an lè má mọ ohun tó rù. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe òǹtẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè òǹtẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe ń di mímọ̀ lórí rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ kan á kígbe sí èyí tó bá a pààlà pé “ẹ gba ọ̀dọ̀ mi dé ibi báyìí,” onítọ̀hún á gbà, á sì kígbe tirẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, igbe kan jáde láti Èkó níbí. MainOne, àwọn tó fa okùn abẹ́ òkun láti Pọ́túgà wá sí Èkó ní 2010, tí wọ́n sì fa wáyà wọn wọ Yaba fún àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní 2013, ń tún iṣẹ́ wọn ṣe. Àṣìṣe wọ inú asẹ́ tó yẹ kó máa yọ ọ̀nà tí kò yẹ kí wọ́n kéde. Wọ́n wá kígbe pé a lè gba ọ̀dọ̀ àwọn dé Google. China Telecom gbọ́, ó gbà á gbọ́, ó kígbe tirẹ̀; TransTelecom ti Rọ́ṣíà náà gbà. Bí àwọn èèyàn kan ní òkè òkun ṣe ń wá Google tí ọ̀rọ̀ wọn ń gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà lọ, tó ń há sójú ọ̀nà nìyẹn. Ìṣẹ́jú bí 74 ló gbà kí MainOne tó tún un ṣe. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni, Google náà ní òun kò rí i pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo kan sárá sí wọn fún ìjẹ́wọ́ náà. Ẹni tí n kò lè kan sárá sí ni ẹni tó gbọ́ pé Èkó ni ọ̀nà Google, tí kò bi ẹnì kejì léèrè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn ka ọgbọ́n Lamport sí ohun tó lọ́ra jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, àfi ìgbà tí Miguel Castro àti Barbara Liskov ní MIT fi hàn ní 1999 pé ó lè yára. Bitcoin tí ẹ ń fi owó ilé-ìwé yín ṣeré lé lórí gba ọ̀nà mìíràn: kò ka orí, iṣẹ́ àṣelàágùn tí kọ̀ǹpútà ṣe ló ń kà, nítorí ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé, ẹnì kan lè fi orúkọ ẹgbẹ̀rún jókòó. Iná mànàmáná tó ń jó nítorí ẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú, ní àdúgbò tí a ti ń fi èédú ríran.

Kí ẹ tó dìde, èyí tó le jù ló kù. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, a gbà pé iṣẹ́ á dé láàárín àkókò tí a mọ̀. Bí a kò bá mọ iye ìgbà tó lè pẹ́ lọ́nà ńkọ́? Òsì dákẹ́. Ṣé ó ti kú ni, àbí oníṣẹ́ rẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́nà? Bí ẹ bá dúró dè é, ẹ lè dúró títí ayé. Bí ẹ bá ṣí, iṣẹ́ rẹ̀ lè dé lẹ́yìn yín. Ní 1985, Fischer, Lynch àti Paterson tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé kí òpùrọ́ kankan má tilẹ̀ sí, bí ẹnì kan péré bá lè kú láìsọ, kò sí ìlànà tó lè dáni lójú pé wọ́n á fẹnu kò. Àmọ́ ní 1983, Michael Ben-Or ti rí ibi tí odi náà lu. Bí wọ́n bá ka ìbò tí kò sí ìhà tó borí dáadáa, kí kálukú ju owó sókè, kó fi ojú tí owó náà bá dé lé dìbò ní ìgbà tó kàn. Àwọn ẹ̀rọ, tí ẹ rò pé ọgbọ́n nìkan ni wọ́n ń lò, ń dìbò bí ẹni tó ń da obì.

Bí owó náà bá ṣubú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́, ni ìbéèrè rẹ? Wọ́n á tún un jù. Bó bá tún ṣubú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tún un jù. Ìṣirò Ben-Or ní wọ́n máa bá ara wọn pàdé lọ́jọ́ kan. Èyí tí kò lè sọ fún yín ni ọjọ́ wo.